Ọmọ Tó Sin Òkú Igba Ọdún: Ìtàn Àgbàyanu Djon Mundine

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́bí. Ẹni tó ń ta ayò, kó kó ọmọ ayò jọ. Ẹni tó ń gúnyán, kó sọ ọmọ odó kalẹ̀, nítorí ọ̀nà tí mo fẹ́ mú yín rìn lónìí jìn, ohun tí a ó sì bá níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi etí kan gbọ́. Ẹ ti gbọ́ ìtàn igbó rí. Ẹ ti gbọ́ nípa igbó tí iwin fi ṣe ilé, ẹ ti gbọ́ nípa igbó tí ọdẹ méje wọ̀ tí ẹyọ kan jáde. Ṣùgbọ́n igbó kan wà tí kò ní ewé, tí kò ní gbòǹgbò, tí òjò kì í pa, tí ẹyẹ kì í sùn sí. Inú ilé ni igbó náà wà, lábẹ́ òrùlé, ní Canberra, olú-ìlú ilẹ̀ Ọsirélíà. Igi 200 ló dúró nínú rẹ̀, kò lé kan, kò dín kan. Èyí tó ga jù nínú wọn ga ju mítà 3 lọ. Gbogbo wọn ló ní ihò nínú láti òkè délẹ̀, gbogbo wọn ni a sì fi ẹfun, èédú, amọ̀ pupa àti amọ̀ aláwọ̀ ìyeyè kùn lára, ìlà lórí ìlà, àmì lórí àmì, títí ojú ẹni tó ń wò wọ́n yóò fi máa ṣe bàìbàì. Pósí ni igi kọ̀ọ̀kan. Igba pósí dúró lóòró bí èrò ọjà tó gbọ́ ìró ìbọn, kò sì sí eegun ẹyọ kan nínú wọn.

Ta ló gbin igbó yìí? Òkú wo ni wọ́n gbẹ́ pósí wọ̀nyí fún? Kí ló dé tó fi jẹ́ igba gééré?

Ẹni tó pe igbó náà jọ kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ igi rẹ̀. Djon Mundine ni orúkọ rẹ̀, olùtọ́jú iṣẹ́ ọnà sì ni. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó ń gbé àwòrán kọ́ ògiri ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, tàbí ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mú. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ ìtàn yìí dópin, kí ẹ tó sọ fún mi bóyá kọ́kọ́rọ́ lásán ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí.

Ilẹ̀ àtijọ́ àti ọkọ̀ mọ́kànlá

Ó lé ní 50,000 ọdún tí àwọn onílẹ̀ ti ń gbé ilẹ̀ Ọsirélíà. Kí àwọn ará Íjíbítì tó gbé òkúta àkọ́kọ́ lé òkúta, àwọn ènìyàn yìí ti ń kọrin ilẹ̀ wọn láti ìran dé ìran. Èdè tí wọ́n ń sọ lé ní 250. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló mọ odò tirẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló mọ àpáta tirẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní àwòrán tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ yà láìgbàṣẹ. Àwòrán wọn ni ìwé ilẹ̀ wọn, orin wọn ni ààlà wọn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 1788, ọkọ̀ ojú omi 11 tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kóra jọ sí èbúté tí a ń pè ní Sydney lónìí. Arthur Phillip ni olórí wọn, ẹlẹ́wọ̀n ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kó wá. Wọ́n fa àsíá sókè, wọ́n ní ilẹ̀ ti di ti ọba àwọn. Wọn kò ra ilẹ̀, wọn kò tọrọ rẹ̀, wọn kò bá onílẹ̀ mulẹ̀. Ọdún kejì kò tíì parí tí àrùn ìgbóná fi wọ àárín àwọn onílẹ̀ agbègbè náà, tó ń gbá wọn lọ bí ìgbà tí ènìyàn ń gbálẹ̀. Lẹ́yìn ìgbóná, ìbọn. Lẹ́yìn ìbọn, ebi, nítorí àgùntàn àti màlúù àlejò ti gba ibi omi, ó ti gba ibi ọdẹ. Bí àwọn àlejò ṣe ń tẹ̀ síwájú nínú ilẹ̀ náà ni ìjà ń bá wọn lọ, ó sì ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí ìró ìbọn tó dákẹ́. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, àwọn olókòwò màlúù ṣì ń rán oníbọn wọ ilẹ̀ Arnhem ní àríwá pátápátá, kí wọ́n lè lé àwọn tó ni ín kúrò lórí rẹ̀.

Àwọn tó kú kò lóǹkà. Ẹni tó ṣubú létí odò ń bẹ, ẹni tó ṣubú nídìí iná àgọ́ rẹ̀ ń bẹ, ibi tí wọ́n ṣubú sí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹrà sí. Ẹni tí ì bá sin wọ́n ti kú, tàbí kó ti sá lọ. Àwa Yorùbá ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló kú ní ilẹ̀ náà bí ẹni tí kò bímọ rí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn yín, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn wa dúró lé.

Ọmọ Grafton wọ ilẹ̀ àbàtà

Ọdún 1951 ni a bí Djon Mundine ní Grafton, ìlú kan lẹ́bàá odò Clarence ní ìpínlẹ̀ New South Wales. Ọmọ ìran Bundjalung ni. Ọmọ 11 ni àwọn òbí rẹ̀ bí, Warren Mundine tí àwọn ará Ọsirélíà mọ̀ bí ẹni mowó nínú ìṣèlú sì jẹ́ àbúrò rẹ̀. Ayé tí wọ́n bí ọmọ yìí sí le. Ìwé òfin tó ga jù ní ilẹ̀ náà sọ pé nígbà tí a bá ń ṣírò àpapọ̀ iye ará ìlú, kí a yọ onílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́langba ni Mundine ní 1967 nígbà tí gbogbo ìlú dìbò, tí àwọn tó lé ní 90 nínú 100 sì sọ pé kí wọ́n pa gbólóhùn náà rẹ́. Ẹni tí a kò kà mọ́ ènìyàn nígbà tó wà láàyè, ta ni yóò kà á nígbà tó bá kú? Ẹ fi ìbéèrè yìí sápò, a ó padà mú un jáde.

Ní 1979, ó kó ẹrù rẹ̀, ó kọjú sí àríwá. Ó gúnlẹ̀ sí Milingimbi, erékùṣù kan ní etíkun ilẹ̀ Arnhem, láti ibẹ̀ ló sì ti lọ sí Ramingining, tó bá àwọn ará ibẹ̀ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ilẹ̀ ńlá ni ilẹ̀ yìí! Nígbà òjò, omi àbàtà Arafura a kún títí ènìyàn yóò fi rò pé òkun ló ya wọlé. Ọ̀nì a tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ìtì igi, ìtì igi a sì tẹ́ bí ọ̀nì, kí ẹsẹ̀ àlejò lè ṣọ́ra. Àwọn ẹyẹ omi a gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọ̀run a ṣókùnkùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi a fà sẹ́yìn, iná a sì gba inú koríko kọjá. Àwọn Yolngu ló ni ilẹ̀ náà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín gbogbo ayé sí, Dhuwa àti Yirritja. Ènìyàn wà nínú ọ̀kan, ẹranko wà nínú ọ̀kan, igi àti omi pẹ̀lú, ẹni tó bá sì jẹ́ Dhuwa kò gbọdọ̀ fẹ́ Dhuwa ẹgbẹ́ rẹ̀.

Onílẹ̀ ni Mundine, síbẹ̀ àlejò ni níbẹ̀, nítorí ilẹ̀ baba rẹ̀ kọ́. Olùdámọ̀ràn iṣẹ́ ọnà ni ipò tí wọ́n fún un. Bí àgbà kan bá ya àwòrán sára èèpo igi, òun ni yóò rí i pé wọ́n san owó tó tọ́ fún un. Òun ni yóò kọ ìtàn inú àwòrán náà sílẹ̀, òun ni yóò dì í dáadáa kí ó má fọ́ lọ́nà, òun ni yóò sì wá ilé tó yẹ fún un ní ìlú ńlá tó wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí kò lè jókòó sí ọ́fíìsì. Ó ní láti bá àwọn àgbà wọ igbó, kó bá wọn jókòó nídìí iná, kó mọ ẹni tó ni àwòrán erè, kó mọ ẹni tó ni àwòrán oyin. Bí ó bá ṣi ọ̀kan pè, ó ti fi ilẹ̀ onílẹ̀ fún ẹlòmíràn nìyẹn.

Òkú tó wà nínú àpò gbogbo ènìyàn

Nínú àwọn àgbà tó bá pàdé ní Ramingining, ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Malangi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn tirẹ̀ fún yín, nítorí ìtàn inú ìtàn ni.

Ní àtètèkọ́ṣe, Gurrmirringu wà, ọdẹ ńlá, baba ńlá ìdílé Malangi. Ní ọjọ́ kan ó padà ti oko ọdẹ dé, ó jókòó sábẹ́ igi tó ń so èso funfun, ó fẹ́ se ẹran tó pa. Kò mọ̀ pé ejò olóró kan ń gbé nídìí igi náà. Ejò ṣán an, ọdẹ ńlá kú. Ìsìnkú tí wọ́n ṣe fún un ni ìdílé náà ń tẹ̀lé títí di òní. Malangi ya ìsìnkú náà sára èèpo igi, àlejò kan láti Yúróòpù sì gbé e lọ.

Ní 1966, ilẹ̀ Ọsirélíà pa owó àtijọ́ tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ná dọ́là. Wọ́n tẹ owó bébà dọ́là kan. Kí ni ẹ rò pé ó wà lẹ́yìn rẹ̀? Gurrmirringu ni! Àwòrán Malangi ni, ọdẹ tó kú, àwọn tó ń sin ín, igi tó jókòó sábẹ́ rẹ̀, ejò tó ṣán an. Wọn kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó ya owó náà rò pé ẹni àtijọ́ kan tí kò lórúkọ ló ya àwòrán ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ baálé ilé náà ń mí, ó ń pẹja létí odò rẹ̀. Nígbà tí òkìkí kàn, H. C. Coombs tó jẹ́ gómìnà báńkì àgbà ilẹ̀ náà fún Malangi ní 1,000 dọ́là, mẹ́dà kan, àti àpótí ohun èlò ìpẹja. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé ta ló ni àwòrán onílẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Títí di àárín àwọn ọdún 1980, gbogbo ará Ọsirélíà ń fi ìsìnkú ra búrẹ́dì. Òkú onílẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò wọn, ó wà nínú báàgì ìyàwó wọn, wọ́n ń kà á, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ, wọn kò sì mọ̀ pé òkú ni. Ẹni tó mọ̀ ni Malangi. Ẹni tó jókòó tì í tó sì kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni Mundine.

Igi tí ikán gbẹ́

Bí àwọn Yolngu ṣe ń sin òkú wọn láyé àtijọ́ nìyí. Nígbà tí ènìyàn bá kú, wọn a kọ́kọ́ sin ín fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí pèpéle igi nínú igbó. Nígbà tó bá pẹ́, wọn a kó eegun rẹ̀ jọ, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a fi amọ̀ pupa kùn ún bí ẹni ń fi osùn para ọmọ tuntun. Wọn a wá igi yukalípítọ́ọ̀sì tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ikán tí à ń ṣépè fún nínú ilé wa pé ó ba òrùlé jẹ́, òun ni gbẹ́nàgbẹ́nà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Wọn a bó èèpo igi náà, wọn a ya àmì ìdílé òkú sí i lára, kí ẹ̀mí má baà ṣìnà lọ sí ilé onílé. Wọn a jó, wọn a kọrin. Wọn a kó eegun sínú igi, wọn a gbé igi náà nàró, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún òjò àti oòrùn, títí igi àti eegun yóò fi padà di ilẹ̀. Dupun ni wọ́n ń pe igi bẹ́ẹ̀. Wọn a máa dá ihò kékeré kan sí i lára, kí ẹ̀mí lè yọjú wo ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tí a kò bá ṣe èyí fún, ojú ọ̀nà ló ṣì wà.

Nísinsìnyí, ẹ mú ìbéèrè inú àpò yín jáde. Ìlú tó kéré jù ní Ọsirélíà ní òkúta ìrántí ogun. Bí ìlú náà kò ju ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta lọ, òkúta yóò wà níbẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ ìlú tó kú sógun òkèèrè yóò sì wà lára rẹ̀. Ohun tó dára ni, nítorí ìlú tó ń rántí òkú rẹ̀ ni ìlú. Ṣùgbọ́n John Pilger, akọ̀ròyìn ọmọ ilẹ̀ náà, tọ́ka sí ohun kan nínú fíìmù tó ṣe ní 1985: nínú gbogbo òkúta wọ̀nyẹn, èwo ni ti àwọn onílẹ̀ tó kú lórí ilẹ̀ baba wọn? Mundine wo fíìmù náà, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún.

Ọdún 1988 ń bọ̀, ìjọba sì ń múra ayẹyẹ. Ọkọ̀ yóò tún wọ èbúté Sydney, ìlù yóò dún, iná aláràbarà yóò búyọ lójú ọ̀run, nítorí ó pé igba ọdún tí àwọn ọkọ̀ 11 gúnlẹ̀. Gbogbo ìlú ń ka igba ọdún náà sí ọdún ayọ̀. Mundine ka igba ọdún kan náà, ó sì rí i ní òdìkejì. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà Ramingining. Ìmọ̀ràn tó mú lọ kò gùn. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ pósí kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ẹ fún gbogbo àwọn tó kú tí a kò sin, níbi gbogbo, yálà a mọ orúkọ wọn tàbí a kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà gbọ́, wọ́n sì dìde.

Ọwọ́ mẹ́tàlélógójì

Ènìyàn 43, ọkùnrin àti obìnrin, láti Ramingining àti àdúgbò rẹ̀, ló ṣe iṣẹ́ náà ní 1987 àti 1988. Paddy Dhathangu wà níbẹ̀, ẹni tó ni ìtàn àwọn arábìnrin Wagilag àti erè ńlá tó gbé wọn mì. George Milpurrurru wà níbẹ̀, tí ẹyẹ àbàtà máa ń dìde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Jimmy Wululu wà níbẹ̀, ẹni tó ń to eegun ẹja àrọ̀ àti afárá oyin sára igi bí ẹni hun aṣọ òkè. Philip Gudthaykudthay wà níbẹ̀, Malangi fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Wọ́n wọ igbó, wọ́n ń fi ọwọ́ kan igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ́tí sí i. Èyí tó bá dún kokoko, ikán kò tíì parí iṣẹ́ nínú rẹ̀, wọn a kọjá. Èyí tó bá dún bí àgbá òfìfo, wọn a gé e. Wọ́n bó o, wọ́n fọ inú rẹ̀ mọ́. Wọ́n lọ amọ̀ lórí òkúta, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín bí irun ya ìlà wẹ́wẹ́. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ya tirẹ̀, ẹnìkan kò tọwọ́ bọ àwòrán ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ ńlá kì í jẹ atẹ́gùn. James Mollison, ẹni tó jẹ́ olùdarí àkọ́kọ́ fún Gálárì Àpapọ̀ Ọsirélíà ní Canberra, gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìgboyà kò ṣàjèjì sí ọkùnrin náà, òun ló dúró nídìí ríra àwòrán Jackson Pollock tí wọ́n ń pè ní Blue Poles ní 1973, ní mílíọ̀nù 1.3 dọ́là, tí ariwo sì gba gbogbo ìlú kan. Ní 1987, gálárì náà gbé iṣẹ́ náà fún àwọn àgbà Ramingining, wọ́n sì mú nínú owó tí àwọn èrò ń san lẹ́nu ọ̀nà gálárì láti rà á. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́bọ̀ àwọn ọmọ àlejò ṣe wà nínú owó ìsìnkú àwọn onílẹ̀.

Ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 1988 pé. Àwọn ọkọ̀ alásíá wọ èbúté Sydney, èrò rọ́ bí omi. Ṣùgbọ́n nínú ìgboro ìlú kan náà, ó lé ní 40,000 ènìyàn, onílẹ̀ àti àwọn tó gbè wọ́n, ló ń rìn ní ọjọ́ náà láti sọ pé àwọn kò kú tán. Nígbà tó yá ní ọdún náà, àfihàn ńlá Biennale ti Sydney ṣí, Nick Waterlow ni olùdarí rẹ̀. Ẹni yìí kan náà ló ti mú Malangi, Milpurrurru àti Johnny Bungurruwuy wọ àfihàn náà ní 1979, tí àwọn onílẹ̀ kọ́kọ́ ní ààyè nínú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, igba pósí ló wọlé. Wọ́n gbé wọn nàró nínú ilé ẹrù àtijọ́ kan tó wà lórí omi ní Walsh Bay. Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa. Omi èbúté tó gbé ọkọ̀ 11 wá ní 1788, òun kan náà ló ń lu ìsàlẹ̀ ilé tí igba pósí dúró sí ní 1988. Ohun tó gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé, ẹnu ọ̀nà náà ni wọ́n ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Odò tó ń ṣàn nínú ilé

Láti Sydney, igbó náà ṣí lọ sí Canberra, ibẹ̀ ló wà di òní. Wọn kò to igi náà bí ọmọ ogun. Ọ̀nà kan gba àárín wọn kọjá, ó ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì. Odò ni ọ̀nà náà. Odò Glyde ni, tó ń ti inú àbàtà Arafura ṣàn lọ sínú òkun. Ibi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń gbé létí odò náà gan-an ni pósí tí wọ́n yà dúró sí. Ẹni tó bá rìn ín láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì ti rìn láti ilẹ̀ dé ẹnu òkun, ó ti gba ẹ̀yìn ilé àwọn onílé kọjá, ó sì ti kí wọn bó ti yẹ kí àlejò kí onílé.

Adágún ńlá kan wà láàárín Canberra. Ní òdìkejì rẹ̀ ni ilé ìrántí ogun tí ìjọba ṣí ní 1941 wà, òkúta rẹ̀ gbòòrò, orúkọ àwọn ọmọ ogun tó kú sí òkèèrè wà lára ògiri rẹ̀. Ní ìhà kejì omi ni igbó igba pósí wà. Orúkọ kankan kò sí lára àwọn igi yẹn, nítorí ẹnìkan kò kọ orúkọ àwọn òkú náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣubú. Àmì ilẹ̀ wọn ló wà níbẹ̀.

Láàárín 1999 àti 2000, igbó náà rìnrìn àjò, bí ẹ kò bá tíì gbọ́ igbó tó rìn rí. Ó lọ sí Lausanne ní Switzerland, ó lọ sí Hannover ní Jámánì, ó sì wọ Hermitage ní St Petersburg ní Rọ́ṣíà, ilé ọlọ́lá tí àwọn ọba ilẹ̀ náà fi ṣe ààfin nígbà kan. Igi tí ikán jẹ nínú igbó Arnhem dúró níbi tí ọba ti ń jó. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló lè mọ ibi tí ikán ń gbé igi lọ?

Mundine kò fi ẹ̀yìn tì lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Ní 1993, ìjọba fún un ní mẹ́dà ọlá ilẹ̀ Ọsirélíà. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé ní Sydney, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àpapọ̀, ó sì ṣe ìwádìí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Osaka ní Jàpáànì. Ní 2012, ó pe àwọn oníṣẹ́ ọnà onílẹ̀ jọ sí Mosman ní Sydney, kí wọ́n wá sọ̀rọ̀ nípa Bungaree, onílẹ̀ tó bá Matthew Flinders wọ ọkọ̀ yí gbogbo Ọsirélíà po ní nǹkan bí 1802, tí àwọn ènìyàn sì sọ di aláwàdà nínú ìtàn. Ohun kan náà ló ń ṣe níbi gbogbo tó dé: ẹni tí wọ́n gbàgbé, ó ń wá ibi ìjókòó fún un. Ní 2020, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn tó ga jù tí wọ́n ń fún oníṣẹ́ ọnà onílẹ̀ fún iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀. Amọ̀ pupa ni orúkọ ẹ̀bùn náà, amọ̀ tí wọ́n ń fi kun eegun òkú kí wọ́n tó kó o sínú dupun.

Milpurrurru kú ní 1998, Malangi tẹ̀lé e ní 1999. Àgbà ń lọ, iṣẹ́ ọwọ́ wọn dúró. Ní 2022, gálárì náà gbé igbó ọ̀hún wọ àárín gbùngbùn ilé, kí ó má ṣe sí ẹni tó lè sọ pé òun wá, òun kò sì rí i.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo bi yín níbẹ̀rẹ̀ bóyá kọ́kọ́rọ́ lásán ni olùtọ́jú iṣẹ́ ọnà dì mú. Àwọn tó ya igi ní ọgbọ́n ọwọ́, Mundine kò lè gba ìyìn wọn, kò sì gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi kan nínú igbó ìdílé kan jẹ́ òkú ilé kan. Ẹni tó pe igba rẹ̀ jọ sójú kan, tó mọ ọdún tí wọ́n gbọ́dọ̀ dúró àti etí omi tí wọ́n gbọ́dọ̀ dúró sí, òun ló sọ ọ̀fọ̀ ilé di ọ̀fọ̀ orílẹ̀-èdè. Ọmọ Bundjalung ni láti gúúsù, àwọn tó bá a gbẹ́ pósí jẹ́ Yolngu láti àríwá, àwọn òkú sì jẹ́ ti ibi gbogbo. Wọn kò bi òkú léèrè ilé baba rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín.

Bí ẹsẹ̀ yín bá gbé yín dé Canberra lọ́jọ́ kan, ẹ wọ inú igbó náà jẹ́jẹ́. Ẹ máa bá ọ̀nà odò lọ. Ẹ wá ihò kékeré tó wà lára igi, kí ẹ sì dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, nítorí ẹnìkan lè máa yọjú wò yín. Ẹ kí i. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin náà ti gbọ́. Igba ọdún ni wọ́n fi wà lójú ọ̀nà bí ẹni tí kò lọ́mọ, ṣùgbọ́n ẹni ọmọ sin ló bímọ, ọmọ sì ti sin wọ́n. Ọmọ 43 ló gbé igi, ọmọ Grafton ló pè wọ́n jọ. Àwọn òkú náà ti bímọ.